Kápúsù Tí Wọ́n Fi Ń Kí Ìyá Mi

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà mi, ẹ mú oògùn wá kí aláìsàn nílé mi. Wàláhì, n ó lé yín jáde, ì báà jẹ́ ẹ̀yin lẹ bí mi lọ́mọ!

Lẹ́yìn tí ìyá mi rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ nílé wa ní Sabon Gari. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ọmọ Ìlọrin ni, aṣọ ló tà títí agbára fi tán. Ní ọsibítù, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lára kí ìtọ̀ lè máa gba inú rẹ̀ jáde, wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan yóò máa wá pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Nọ́ọ̀sì wo? Oṣù mẹ́ta gbáko ni rọ́bà kan ṣoṣo fi wà lára ìyá mi, a ò rí ẹnikẹ́ni.

Àwa kì í fi ọwọ́ lásán lọ kí aláìsàn. Tẹ́lẹ̀, ọsàn àti búrẹ́dì ni àwọn àlejò ń mú wá. Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé kòkòrò ti wọ inú ìtọ̀ rẹ̀, tí ibà sì ń ṣe é báyìí, kápúsù dóde! Tibí yà ní kẹ́míìsì ní àdúgbò PZ, tọ̀hún gbé àṣẹ́kù oògùn ọkọ rẹ̀ wá láti Danmagaji nínú ọ̀rá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, èmi gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ra kápúsù láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Nígbà tí ibà náà lọ lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo dá a dúró, mo ní ó ti yá. Mo gọ̀ o!

Ìyá mi ò sì lè jẹ́ kí ojú ti àlejò. Bí ẹnì kan bá mú oògùn wá, á ní kí n já ẹyọ kan fún òun lójú onítọ̀hún. Á gbé e mì, á ṣàdúrà fún un, inú ẹni náà á dùn lọ sílé. Lọ́la, ó di kápúsù ẹlòmíràn. Bí mo bá ní kó má lò ó, á ní, “Ẹni tó rántí mi, kí n wá kọ ẹ̀bùn rẹ̀?”

Nígbà tí ibà náà padà wá, kò gbọ́ oògùn kankan. Mo fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà, obìnrin kan, wo ìwé àyẹ̀wò, ó wo ọ̀rá oògùn tí mo gbé kalẹ̀. Oríṣi mọ́kànlá ló wà níbẹ̀.

“Haba! Ẹyọ kan lónìí, ẹyọ kan lọ́la, ìyẹn ò pa kòkòrò. Ẹ kàn jẹ́ kí oògùn wọ̀nyí mọ́ àwọn kòkòrò náà lára ni, inú rọ́bà yẹn ni wọ́n sì fi ṣe ilé.”

Ó ní irú abẹ́rẹ́ kan péré ló kù tó lè ràn án lọ́wọ́, oògùn mìíràn kò sì gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n ti ń gún un ní abẹ́rẹ́ náà, ìyá mi lajú, ó ní òun fẹ́ mu kókó. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Lọ́jọ́ kejì ni àbúrò bàbá mi dé láti Gyellesu, ó yọ páálí oògùn lápò. “Ìyàwó wa, ẹyọ kan péré.”

Mo já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí.

“Ọwọ́ èmi lo ti ń já nǹkan gbà?” ló figbe ta.

Ìyá mi ní, “Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ìwọ, kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ.” Mo kúnlẹ̀. “Ó yá, fún mi ní ẹyọ kan.”

Mo ní rárá. Ó kọjú sí ògiri, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ibà náà tún gbé e, abẹ́rẹ́ yẹn ò ràn án mọ́, ó kú.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mò ń bu oúnjẹ fún àwọn ènìyàn, mo sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ: ọmọ rẹ̀ ló gba oògùn lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò bàbá mi jókòó láàrin wọn, ó ń mi orí. Èyí tó ń pa mí lára jù ni pé ohun tí ìyá mi náà gbà gbọ́ nìyẹn kó tó kú, pé èmi ni mo fi oògùn dù ú.