Àwọn Ọjọ́ Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Ìwé Bíríkìlà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin yìí fi jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé kan, tó ń ka ohun tí àwọn ẹlòmíì kọ kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Bàbá Àmì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan ré òun kọjá láìsí àmì ohùn lórí rẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ nígbà kan pé ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé "gun ọkọ rẹ̀ dé ìlú òkèèrè." Àmì kan péré ni Bàbá Àmì fi yọ tọkọtaya náà nínú ẹ̀sín. Àwọn òǹtẹ̀wé àtijọ́ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kó lè ka ìwé tó dorí kodò bí ẹni ń ka èyí tó dúró ṣánṣán.

Kò tíì lo oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Dókítà ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, irú èyí tó máa ń hù níbi tí omi yíyọ̀ inú ìfun ti ń sun. Ó pe orúkọ gbọọrọ kan: adẹnokasinóómà.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?" Bàbá Àmì béèrè.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Bàbá Àmì kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ohun tó ń jẹ òun nínú.

Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, àmọ́ àrùn náà ti fò dé ẹ̀dọ̀. Ìgbà yẹn ni dókítà sọ fún un nípa ìdánwò oògùn kan. Wọ́n á pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì: apá kan á máa lo oògùn tí gbogbo ayé ti mọ̀, apá kejì á máa lo oògùn yẹn pẹ̀lú òmíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kọ̀ǹpútà ló ń yan ẹni tó máa wà níbi tó máa wà. Ìwé tí wọ́n ní kó bu ọwọ́ lù jẹ́ ojú ewé mọ́kàndínlógún. Àwọn tó kù bu ọwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀. Òun gbé tiẹ̀ relé, ó kà á fún ọjọ́ méjì, ó sì dá a padà pẹ̀lú àṣìṣe mẹ́rin tó fi bírò pupa yí. Lẹ́yìn náà ló bu ọwọ́ lù ú. Oògùn tuntun ló kàn án.

Oògùn náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí eyín tí wọn kì í fọ̀, ó sì ń rùn bíi páànù tó ti dógùn-ún. Tó bá ti gbé e mì, ńṣe ló máa dà bíi pé ó ń lá kọ́kọ́rọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń bó bí àlùbọ́sà. Ọṣẹ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń wẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn wá ń rí i lára débi pé ó ní kó máa sùn sí yàrá kejì. Ara òun fúnra rẹ̀ ló tún wá ń rí i lára jù lọ.

Wọ́n fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré kan, kó máa kọ ohun tí oògùn bá ṣe fún un lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì á gbà á lóṣooṣù, á dà á kọ sínú fáìlì ńlá, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe oògùn.

Bíríkìlà kan ló máa ń jókòó sórí àga tó tẹ̀ lé tiẹ̀ tí wọ́n bá ń fa oògùn ti tẹ́lẹ̀ sí wọn lára. Ọwọ́ ọkùnrin náà, tó le bí àpáta tẹ́lẹ̀, ti bó. "Mo fi ọwọ́ yìí kọ́ ilé mẹ́rìnlélógójì," ó máa ń sọ, "wọ́n ti sọ ọ́ di ọwọ́ ọmọ tuntun." Kò mọ̀wé kọ tó bẹ́ẹ̀, ó ní bírò wúwo ju ṣọ́bìrì lọ. Torí náà, á pe Bàbá Àmì lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Àmì á kọ ohun tó bá sọ sórí bébà, tí wọ́n bá sì pàdé ní ọsibítù, á dà á kọ sínú ìwé rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo yàgbẹ́ lónìí," bíríkìlà wí lọ́jọ́ kan. "Ẹ sì mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Òótọ́ ni. Ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni. Ọjọ́ kẹta, ó ní òun ò kà á mọ́, pé omi pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ni. Bàbá Àmì kọ gbogbo rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, fóònù kò dún. Ìyàwó bíríkìlà ló pè ní Sátidé: omi ti tán lára ọkọ òun, ó sì ti kú. Bàbá Àmì gba ìwé kékeré náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó da àwọn ọjọ́ tó kù kọ sínú rẹ̀, ó sì fún nọ́ọ̀sì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ọ̀sì fi fáìlì sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí tábìlì, ó lọ mú ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Fáìlì náà dorí kodò sí Bàbá Àmì. Nọ́ńbà tó wà lára ìwé kékeré bíríkìlà ló wà lókè ojú ewé. Ọjọ́ tó yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: "Inú rírú díẹ̀." Ọjọ́ ẹ̀jẹ̀: "Kò sí ìṣòro." Ní ìsàlẹ̀ pátápátá: "Ó fúnra rẹ̀ yọwọ́ kúrò nínú ìdánwò."

Bàbá Àmì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ó fi ìka lé ìlà ìkẹyìn yẹn.

"Níbo ló yọwọ́ lọ?"

Ojú ọmọbìnrin náà wálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ ni." Ó sì wo ẹnu ọ̀nà dókítà.

Dókítà ń lá súìtì nígbà tí Bàbá Àmì wọlé bá a. "Ẹ jókòó, Bàbá. Ṣé ẹ mọ̀ pé kókó tó wà lẹ́dọ̀ yín ti súnkì? Oògùn yìí ló ṣe é. Tí a bá ń kọ gbogbo pálapàla ránṣẹ́, wọ́n á dá ìdánwò yìí dúró, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀."

"Ọkùnrin yẹn kú, dókítà."

"Jẹjẹrẹ ló pa á."

"Ìgbẹ́ ló pa á. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un."

Dókítà ti àwo súìtì sí i lọ́wọ́. Ìró súìtì tó ń kan eyín ọkùnrin náà, òórùn míńtì ẹnu rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ tó fi ń sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ń rí Bàbá Àmì lára. Èyí tó wá burú jù ni pé kò purọ́ nípa kókó yẹn. Bàbá Àmì jáde, ó dé ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́, ó sì bì. Kì í ṣe oògùn ló fà á lọ́jọ́ yẹn.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ẹ̀rù bà á. "Dádì, tí wọ́n bá wá yọ yín ńkọ́?" Ó ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀. "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Àwa tí à ń fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, a ò ní gbàgbé. Ìyàwó ọkùnrin yẹn náà ò ní gbàgbé. Ẹ kọ ọ́ sí àwọn ọ̀gá wọn."

Àdírẹ́sì ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìdánwò wà ní ojú ewé kọkàndínlógún, nínú lẹ́tà wínníwínní tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ibẹ̀ ló kọ̀wé sí. Èèyàn mẹ́ta wá. Wọ́n ní kí wọ́n kó ìwé kékeré gbogbo aláìsàn jáde. Mẹ́sàn-án ti sọnù, ti bíríkìlà sì wà lára wọn. Bàbá Àmì kó àwọn bébà tó kọ nídìí fóònù fún wọn. Wọ́n dá ìdánwò dúró fún oṣù méjì, wọ́n dín oògùn tuntun kù, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà wọn dé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní "àṣìṣe ìkọ̀wé" ni àwọn rí, pé àwọn sì ti bá ẹni tó ṣe é wí. Bàbá Àmì ju lẹ́tà náà sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan itọ́ ẹlòmíì. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kan rí àṣìṣe ìkọ̀wé: ẹni tó bá ṣe é kì í mọ̀ pé òun ṣe é. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n lé. Wọ́n gbé dókítà lọ sí àjà kẹta ọsibítù náà, ó ń bójú tó ìdánwò mìíràn níbẹ̀, ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Bàbá Àmì tún kọ lẹ́tà kejì, ó dárúkọ ẹni tó pàṣẹ gan-an. Ẹnikẹ́ni kò fèsì.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tún ṣe bó ṣe yẹ: ìlà ìkẹyìn nínú fáìlì bíríkìlà. Bàbá Àmì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún ìyàwó bíríkìlà: "Ó kú nígbà tí ìdánwò ń lọ lọ́wọ́, ìgbẹ́ gbuuru tó le." Obìnrin náà ní kó tún un kà. Ó ká a, ó sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Bàbá Àmì ṣì ń lo oògùn náà. Àràárọ̀ ló ń fojú burúkú wò ó kó tó gbé e mì. Ní oṣù tó kọjá, ó ń dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè ní ọsibítù, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, dókítà sì wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, ara yín mà ti le o," ó wí, ó na ọwọ́.

Bàbá Àmì ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àpò. Ó yí padà, ó gba orí àtẹ̀gùn lọ, ó sì dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé òkè.