Òwú Pupa Lára Agboòrùn

Ẹnu aránṣọ kan báyìí kò dùn rárá. Ẹ bi àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ léèrè! Aṣọ tí iná kì í jó ló ń rán, èyí tí wọ́n fi ń ṣe agboòrùn fún ọkọ̀ òfurufú kékeré tí wọ́n ń yìn kọjá ojú sánmà. Bí ọkọ̀ náà bá ń já bọ̀ láti òkè ọ̀hún, agboòrùn gbọ́dọ̀ ṣí níwájú rẹ̀, kó bá a gba ooru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di eérú.

Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ló ń ká agboòrùn náà. Ẹ ò rí wàhálà! Aránṣọ kò lè pè é lórúkọ; Eyínfúnjowó ló ń pè é. Eyínfúnjowó sì lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ìyàwó tó fẹ́ kò mọ̀ ju ẹjọ́ lọ. Látìgbà náà, wọn ò kí ara wọn mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ẹnu ni iṣẹ́ wọn ń fẹ́. Aránṣọ á fi òwú pupa so etí aṣọ kó má baà tú. Bí Eyínfúnjowó bá ká a tán, á pariwo, "Mo ti ká a o!" Aránṣọ á wá fa òwú náà yọ, kí agboòrùn lè ṣí lókè.

Lọ́jọ́ ìdánwò ìkẹyìn, ọ̀gá wọn là á mọ́lẹ̀: "Tí èyí ò bá ṣí, a máa ti ibí pa. Kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ."

Eyínfúnjowó ká a tán, ó dákẹ́. Aránṣọ rí òwú pupa tó ṣì wà létí aṣọ, kò fà á. Inú rẹ̀ dùn, ká má parọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀, "Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà á rí i. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ni ojú máa tì." Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kàn dé ìdérí lé e láìyẹ̀ ẹ́ wò ni.

Wọ́n yin ọkọ̀ náà lọ sókè. Nígbà tó ń já bọ̀, gbogbo wọn tẹjú mọ́ ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Agboòrùn náà wú díẹ̀, òwú pupa fà á padà. Òwú yẹn náà kì í jó. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn.

"Ta ló fi òwú yẹn sílẹ̀?" ni ọ̀gá bú mọ́ wọn.

"Ìyàwó wa ni!" ni Eyínfúnjowó fò dìde. "Mo rí i tó ń wò ó!"

"Ẹ rí mi, àbí? Kí lẹ̀yin náà wá ń wò?" ni aránṣọ dá a lóhùn.

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọ̀gá mú kọ́kọ́rọ́.

Ilé kan náà ni wọ́n ń lọ. Ọ̀kan gba ọ̀tún títì, èkejì gba òsì, kò sì sí èyí tó níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́ nínú wọn.