Kì í Ṣe Ẹ̀bi Wáyà

Ní Ìkọ̀yà, bí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì bá ń dún títí dé oko ẹ̀gẹ́, àwọn èèyàn á ní, "Philemon ló wà nídìí rẹ̀." Ìyìn ni wọ́n fi ń ṣe. Lójú Philemon, ohùn tí kò bá dé ìpẹ̀kun ìlú kò tíì jáde lẹ́nu.

Nígbà tó gba ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò tó lè ránṣẹ́ bá àwọn tó ní irú rẹ̀ níbòmíràn sọ̀rọ̀, ọ̀nà tó wù ú jù ni èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ ọ̀rọ̀ téèyàn tẹ̀ di ohùn tín-ín-rín. Rédíò á gbé ohùn náà lọ, kọ̀ǹpútà ẹni tó wà lọ́nà jíjìn á sì sọ ọ́ padà di ọ̀rọ̀. Sáùǹdì káàdì, ẹ̀rọ kékeré bí àtàǹpàkò, ló ń gba ohùn náà jáde lára kọ̀ǹpútà. Wáyà tó so ó mọ́ rédíò, Dominic ló ṣe é. Dominic yìí ni ẹ̀gbọ́n Dora, ìyàwó Philemon. Ìlú Àyèká ló ti ń tún rédíò ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Philemon pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá wòran. Dominic náà wá. Philemon yí fólúùmù sókè dé òpin, bí ìṣe rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ àkọ́kọ́. Iná pupa ara rédíò tàn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, pàbó.

"Àbí wọ́n ti sùn lọ́hùn-ún ni?" Alàgbà Joel bi í. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Philemon na ìka sí wáyà. "Èmi kọ́ o! Iṣẹ́ àna mi nìyí. Ẹni tó bá gbé rédíò fún un, kó yáa lọ gbé e kúrò."

Dominic dìde. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀kan nínú àwọn onírédíò ẹlẹ́gbẹ́ Philemon pè é láti Àkúrẹ́. "Philemon, o bo gbogbo wa mọ́lẹ̀ ní Sátidé! Ohùn tó o fi ránṣẹ́ pọ̀ jù, ó fọ́, ó dà sórí ọ̀nà oníkálukú, kọ̀ǹpútà wa ò lè kà á. Yí fólúùmù yẹn wálẹ̀, jàre."

Ó yí i wálẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó dákẹ́. Kò pẹ́, ìdáhùn yọ lójú kọ̀ǹpútà láti ilẹ̀ Bùràsíìlì. Wáyà Dominic kan náà ni, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ayọ̀ tí Philemon ti ń retí kò wá. Ẹni tí òun dọ̀bálẹ̀ fún kí wọ́n tó fún òun níyàwó ni òun dójú tì láwùjọ! Dora gbọ́, kò bá a jà. Ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ìyẹn dùn ún ju èébú lọ.

Nígbà tó dé Àyèká lọ́jọ́ kejì, ó bá Ìyá Charity, oníbàárà kan, ní ṣọ́ọ̀bù Dominic, rédíò rẹ̀ lábẹ́ apá.

"Mi ò tún un ṣe mọ́," ìyá náà ń wí fún Dominic. "A ti gbọ́ ohun tí àna yín sọ."

Philemon dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bùọ̀dá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́."

"Dìde. Ṣé èmi lo sọ ọ́ fún? Sọ fún ìyá yìí."

Ó dìde, eruku láyà. "Mà, wáyà náà dáa. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ká wá kó rédíò wa?"

"Èmi náà ni, mà."

"Háà! Ẹnu yín ò mà ní ìlẹ̀kùn o." Ó gbé rédíò padà sórí tábìlì. "Bàbá Sànúsí ti gbé tiẹ̀ lọ lánàá. Ẹ lọ bá a."

Philemon wo Dominic. Dominic ti tẹ orí ba iṣẹ́ rẹ̀. "Àwọn tó ti wá kó tiwọn lọ pọ̀ o," ló wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti ilé Sànúsí."

Philemon lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà bàbá náà, ó sì ké àgò.