Wàláà Tí Kò Gòkè

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a máa ń fi igi ìfàlà lu tábìlì. Lílù àkọ́kọ́: kí àwọn ọmọ gbọ́ ìbéèrè. Ìkejì: kí wọ́n kọ ìdáhùn sórí wàláà wọn, pátákó dúdú kékeré tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń fi ẹfun kọ nǹkan sí. Ìkẹta: kí gbogbo wàláà gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, kí olùkọ́ wò wọ́n fìrí, kó mọ ẹni tó gbà á àti ẹni tó kùnà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe é fún ọdún mọ́kànlá ní Manigri láì bi ara mi léèrè ohunkóhun. Wàláà tó bá gòkè la máa ń wò. Èyí tí kò bá gòkè, òdo.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ má baà máa retí ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi lọ́dún náà, CE2, kíláàsì kẹrin. Àwọn ọmọ mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ògiri lábẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, ibì kan náà lójoojúmọ́. Bí ẹlòmíì bá jókòó síbẹ̀, á dúró tì í títí onítọ̀hún á fi dìde fún un. Kì í wo ojú ènìyàn. Bí mo bá bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" òun náà á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Agogo ilé ẹ̀kọ́ wa, rímù ọkọ̀ àtijọ́ kan ni tí a so mọ́ igi máńgòrò. Bí wọ́n bá ti lù ú báyìí, ọmọ náà á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á tẹ orí mọ́ orúnkún. Bí èmi náà bá lu tábìlì, bákan náà ni.

Ní oṣù kẹwàá, kò tíì pẹ́ tí a wọlé, mo lọ bá a níbi tó jókòó sí. Mo fi ọwọ́ ara mi fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò létí. Mo ní, "Etí la fi ń gbọ́ ẹ̀kọ́." Igbe tó ké lọ́jọ́ náà mú kí àwọn ọmọ kíláàsì kejì sáré wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Mo sọ fún gbogbo wọn pé aláìgbọràn ni. Kí Ọlọ́run forí jì mí.

Kò sí ẹni tí kò ní nǹkan sọ nípa rẹ̀. Olùkọ́ kan ní orí rẹ̀ ò pé. Òmíràn ní ìyá rẹ̀ ló kẹ́ ẹ bà jẹ́. Dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ọkùnrin tí kì í fẹ́ wàhálà rárá, mi orí, ó ní, "Màdáàmù, ìka ò dọ́gba." Ọ̀rọ̀ yẹn! Mi ò mọ òwe tí ọ̀lẹ fẹ́ràn tó o. Ìka ò dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ bí oúnjẹ bá délẹ̀, èwo nínú wọn la máa ń ní kó dúró síta?

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Láti CE1 sí CE2, ọmọ á kàn gòkè ni. Láti CE2 sí CM1, kíláàsì karùn-ún, ni ẹnu ọ̀nà wà, ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó kò ní kọjá. Bàbá ọmọ náà, àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu tó sì ní oko kajú, ti sọ tirẹ̀ láìfi bò: bí kò bá gòkè lọ́dún yìí, oko kajú ló ń lọ, kò sì ní padà wá. Mi ò lè bá bàbá náà wí. Ta ló máa ra ìwé àti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọọdún nítorí òdo? Àwa sì rèé, àwa la ń kọ òdo náà.

Iṣẹ́ orí wàláà, òdo. Ìwé kíkà sókè, òdo. Ewì kíké, òdo. Nígbà ìdánwò orí ìwé, ó gba máàkì tó dára, mo bá ní ó jí ti ẹnìkejì rẹ̀ wò, mo gé e sí méjì. Mi ò wo ìwé ẹnìkejì yẹn kí n tó gé e.

Ní oṣù kìíní, ọyẹ́ mú, eruku pupa bo gbogbo ọ̀nà, ohùn mi sì lọ. Ilé mi wà ní Bassila. Alùpùpù ni mo fi ń lọ sí Manigri láràárọ̀, ìgbà tí n ó bá fi dé, ọ̀nà ọ̀fun mi á ti gbẹ. Lọ́jọ́ kan mi ò lè sọ̀rọ̀ rárá. Olùkọ́ kejì sì ti yá igi ìfàlà mi. Ni mo bá kọ ìbéèrè mẹ́wàá sórí pátákó ńlá, mo fọwọ́ ṣàpèjúwe fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n kọ ìdáhùn, mo wá ń rìn láàárín wọn, mo ń wo wàláà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì.

Ti ọmọbìnrin náà wà lórí itan rẹ̀. Ó kọ ìdáhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n tẹ̀léra. Mo wo ti ẹnìkejì rẹ̀: mẹ́fà péré ni ọmọ yẹn gbà. Mo padà sí tirẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sí i, àfi ìkẹjọ. Obìnrin kan ní àádọ́rin iṣu, ó tò wọ́n ní mẹ́fà mẹ́fà, mélòó ló ṣẹ́ kù? Ó kọ mẹ́rin. Èmi ti kọ márùn-ún sínú ìwé mi. Mo tún un ṣírò. Mẹ́rin ni. Èmi olùkọ́ ni mo ṣì í.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì láìlu nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta tí ohùn mi padà, mo lu tábìlì bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì ń wò ó: ó kọ ìdáhùn kíákíá láàárín ìlù méjì, ó tún di etí. Kò yí padà. Mo rántí gbogbo àárọ̀ tí mo ti dúró níwájú, tí mo ń wo àwọn wàláà tó gòkè, tí tirẹ̀ sì wà lórí itan rẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn lójú rẹ̀. Ẹni bá béèrè kì í ṣìnà, wọ́n ní. Ìgbésẹ̀ márùn-ún péré ló wà láàárín èmi àti ọmọ yẹn, mi ò rìn ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun alásárì, mo gba ilé wọn lọ. Ìyá rẹ̀ jókòó síwájú ilé, ó ń bẹ iṣu tí yóò sá fún èlùbọ́. Mo kí i, ó kí mi, ó fún mi ní àpótí. Inú mi ń dùn, mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé wá. Mo ní, "Ìyá, ọmọ yín mọ̀wé. Ó ti ń kọ ìdáhùn látìgbà yìí wá, kò kàn gbé wàláà sókè ni."

Obìnrin náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ ní kí ni?"

Mo tún un sọ.

"Ṣé ẹ ní ọmọ mi ti ń dá yín lóhùn, ẹ̀yin lẹ ò wò ó?"

Mo wo èèpo iṣu tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Òdo tí ẹ ń kọ fún un, tí bàbá rẹ̀ ń tìtorí ẹ̀ bá mi jà nínú ilé yìí. Ṣé ẹ̀yin ni òdo náà, àbí òun?" Ó nu ọwọ́ nídìí ìró. "Mo gbé e lọ sí Parakou. Èmi àti òun, nínú ọkọ̀, ó ń ké jálẹ̀ ọ̀nà, àwọn èrò ń wò mí bí ẹni jí ọmọ gbé. Dókítà kọ ìwé fún mi. Mo fi lé Dìrẹ́tọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo mú un wá sí lékọ́ọ̀lù. Ó ní òun á sọ fún gbogbo yín. Kí ni ìwé yẹn wí, Màdáàmù? Èmi ò mọ̀wé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Mi ò rí ìwé kankan rí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè mu omi tó gbé wá fún mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọ́físì Dìrẹ́tọ̀, mo béèrè ìwé náà. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó wá a kiri, ó sì fà á yọ lábẹ́ páálí ẹfun, etí ìwé náà ti pọ́n. Gbólóhùn mẹ́rin ni. Ọmọ yìí ní ótísìmù. Ariwo òjijì máa ń dùn ún bí ìgbà tí wọ́n gbá a létí. Ẹ sọ ohun kan fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sọ ohun tó ń bọ̀ fún un kí ó tó dé. Ẹ fi nǹkan tó lè fojú rí pè é, ẹ má fi ariwo pè é. Gbólóhùn mẹ́rin, ó sì ti lò ju ọdún mẹ́ta lọ lábẹ́ páálí ẹfun.

"Dìrẹ́tọ̀, kí ló dé tí ẹ ò fi hàn wá?"

"Màdáàmù, ẹ gbọ́ mi. Àyè wà nínú rẹ́jísítà fún ọmọ tí kò ríran. Àyè wà fún arọ. Èyí, mi ò rí ibi tí mo fẹ́ kọ ọ́ sí."

Nítorí pé kò sí ìlà fún un nínú rẹ́jísítà! Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò dá a padà.

Mo ya aṣọ pupa kan lára ìró mi àtijọ́, mo so ó mọ́ igi ìfàlà. Bí mo bá gbé e sókè, kí wọ́n gbọ́. Bí mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, èmi ni n ó rìn lọ bá wàláà. Bí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n lu rímù, mo máa ń ya àwòrán agogo kékeré kan sí igun pátákó, ọmọ náà á rí i, á di etí kí ó tó dún, a ò ní gbọ́ igbe kankan. Gbogbo àṣírí rẹ̀ nìyẹn. Ọmọkùnrin kan tó ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, tí mo ti ń pè ní olóorun, bẹ̀rẹ̀ sí gba máàkì. Etí rẹ̀ ni kò gbọ́ ìbéèrè mi látilẹ̀ wá. Ní oṣù kẹrin, ọmọbìnrin náà wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Aṣọ pupa." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ pupa." Mo ṣe bí ẹni pé ẹfun bọ́ sí mi lójú.

Oṣù karùn-ún ni ọ̀gá kan tó máa ń bẹ kíláàsì wò gun alùpùpù wá láti Bassila. Dìrẹ́tọ̀ ti sọ̀rọ̀ ọmọ náà fún un. Ó jókòó lẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo aṣọ pupa mi bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀. Lójijì ó dìde, ó gba igi náà lọ́wọ́ mi, ó tú aṣọ rẹ̀ kúrò. Ó lu tábìlì. "Mẹ́tàdínlógún lọ́nà márùn-ún!" Ó lù ú. Ó tún lù ú. Wàláà gòkè, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò bọ́ sí i, nítorí jìnnìjìnnì ti bo àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin náà ti di etí, orí rẹ̀ wà lórí orúnkún.

"Ṣé ẹ rí i?" ọ̀gá náà wí. "Kò mọ nǹkan kan."

Mo rìn lọ síbẹ̀, mo rọra fa wàláà náà yọ lórí itan rẹ̀, mo yí i sójú ọ̀gá náà. 85.

Ó wò ó. Ó ní, "Kò gbé e sókè."

Mo ní, "Ọ̀gá, ojú yín ni kò sọ̀ kalẹ̀."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn níwájú ọmọ mọ́kànléláàádọ́ta. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò ní ọ̀wọ̀, pé mo ti ba ìlànà jẹ́, pé kí ọmọ náà máa lọ sílé. Ó kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára gan-an.

Mi ò pa wàláà náà rẹ́. Mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ tí gbogbo olùkọ́ jókòó láti pinnu ẹni tí yóò gòkè. Máàkì ìdánwò rẹ̀ tó, ó lé díẹ̀. Síbẹ̀ Dìrẹ́tọ̀ gbé ìwé ọ̀gá náà síwájú wa. Mo tú ìwé ìròyìn, mo gbé wàláà lé ìwé náà lórí, mo ní mi ò ní fọwọ́ sí ti ọmọ kankan bí wọn ò bá fọwọ́ sí tirẹ̀. Dìrẹ́tọ̀ fọwọ́ sí i. Bóyá ojú tì í, bóyá ebi ló ń pa á. Aago kan ti lù.

Ọmọ náà gòkè. Mo fi aṣọ pupa àti ẹ̀dà ìwé dókítà lé olùkọ́ CM1, ọkùnrin tí àwọn ọmọ ń pè ní Mẹ̀tírù, lọ́wọ́, mo ṣàlàyé fún un díẹ̀díẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọlé, mo ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé wọn. Mo gbọ́ ọ: kó! kó! kó! Mo yọjú wò ó. Aṣọ pupa mi wà lọ́wọ́ olùkọ́ náà, ó fi ń nu pátákó. Ọmọ náà ti di etí, wàláà rẹ̀ wà lórí itan. Ọmọbìnrin tó ti ń jókòó tì í látìgbà tí wọ́n wà ní kíláàsì mi na ọwọ́, ó mú wàláà náà, ó fi ọwọ́ kan gbé tirẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbé ti ẹnìkejì rẹ̀ sókè.

"Ta ló ní kí o máa gbé ti ẹlòmíì?" olùkọ́ náà bi í.

"Mẹ̀tírù, ó ti kọ ọ́. Ẹ wò ó."

Kò wò ó. Ó kọ òdo fún àwọn méjèèjì.

Mo yí sí ẹnu ọ̀nà. Mi ò kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé.