Àjàní Dọ̀bálẹ̀ Nínú Pápá Tẹ́níìsì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ro ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá fún yín, bóyá ẹ ó bá mi tú u. Èmi ò mọ èyí tí mo máa mú nínú ẹ̀ mọ́ o!

Ẹ ṣáà mọ̀ pé látìgbà tí owó yureníọ̀mù tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ níbí ti ń wọlé ni àwọn sójà tó ń ṣèjọba ti ń kọ́lé káàkiri Niamey tí mò ń gbé. Wọ́n kọ́ pápá tẹ́níìsì sí yunifásítì tó wà lódìkejì odò, tòun ti ìjókòó àwọn òǹwòran àti ibi tí wọ́n ti ń dánra wò. Ibẹ̀ ni Àjàní ọmọ mi ti ń kàwé. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú ẹgbẹ́ tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù náà fún wọn, òun àti ọmọ àdúgbò Lamordé kan ni wọ́n sì jọ ń du ú. Kò tún sí ohun mìíràn tó ń rò láyé.

Ó ní kí n má wá wo eré tí wọ́n fẹ́ fi mú ẹnì kan nínú wọn. Ẹ gbọ́ irú ẹ̀ rí? Kí ọmọ mi máa figa gbága, kí n jókòó ti aṣọ tí mò ń tà ní Lazaret? Mo gbé agbádá wọ̀, mo wọ tasí, ó di orí afárá.

Mo débẹ̀, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ṣé eré nìyí àbí wọ́n ń sìnkú? Mo jókòó sẹ́yìn ọ̀gá sójà kan tó wá wòran. Bọ́ọ̀lù ń lọ, bọ́ọ̀lù ń bọ̀, òógùn bo ọmọ mi, kò sì sẹ́ni tó kí i! Àwa tí à ń kí ẹni tó jókòó lásán! Mo dìde, mo lọgun:

"Àjàní, o kú iṣẹ́ o!"

Yéè! Ọmọ ju rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti aṣọ funfun. Bọ́ọ̀lù kọjá lórí ẹ̀.

Àwọn kan gbé omi sáré wá, wọ́n rò pé ó dákú. Réfírí ń fi Faransé jágbe mọ́ mi. Ọ̀gá sójà iwájú mi bá dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí Àjàní. Ó rò pé òun ló ń kí! Làwọn ará Lamordé bá figbe ta, wọ́n ní ọmọ náà ń bẹ sójà kó lè bá a wá àyè. Mo ní èmi ni bàbá ẹ̀, èmi ni mo kí i. Ta ló gbọ́ Yorùbá níbẹ̀?

Ọkàn Àjàní ò balẹ̀ mọ́. Inú àwọ̀n ló ń gbá bọ́ọ̀lù sí títí eré fi parí. Ọmọ kejì ni wọ́n mú.

Nínú tasí, mo bi í pé kí ló dé tí kò kàn mi orí sí mi. Ó ní, "Bàbá, tí mo bá mi orí sí yín lójú gbogbo ayé, ṣé ẹ ò ní bínú?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé màá bínú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé tọ́mọ bá ní ká má wá síbì kan, ká kọ́kọ́ bi í nídìí ẹ̀. Àmọ́ èyí tó kù ò yé mi. Ara ògiri ilé wa ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí, ó ní òun á tún du ú lọ́dún tó ń bọ̀. Tí mo bá ti yọ, á di bọ́ọ̀lù mú, á máa wojú mi. Tí mo bá kí i, á dọ̀bálẹ̀. Tí mi ò bá kí i, á ní mo ṣì ń bínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bírú ẹ̀ pàdé, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ tètè sọ fún mi o! Mò ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lára ògiri, wọ́n ti ń pe ìrun, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo sì máa gbà kọjá lọ ṣàlùwàlá.