Kẹ̀kẹ́ tí Mo Bá Lẹ́yìn Iṣu

Pọ́n-ùn mẹ́sàn-án ni iṣu kan lọ́sẹ̀ yẹn. Obìnrin kan tó wá láti àdúgbò Ardwick dúró níwájú àtẹ mi ní ọjà Harpurhey, ní Manchester níbí, ó ní márùn-ún lòun máa san.

"Àǹtí, ṣé ìdajì iṣu lẹ fẹ́ ni?"

"Rárá o, odindi. Èyí tó tóbi dáadáa."

"Ẹ dúró níbẹ̀, kí n lọ wá èyí tó gbọ́ èdè pọ́n-ùn márùn-ún."

Mo wọ yàrá ìkẹ́rùsí tí mo háyà lẹ́yìn ọjà. Bí mo ṣe fa iṣu kan yọ nísàlẹ̀ báyìí, gbogbo òkìtì ya lulẹ̀, ọ̀kan yí lọ kọlu nǹkan lẹ́yìn, nǹkan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún: tàà, tàà, tàà, tàà. Mo gbàgbé obìnrin Ardwick. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti gbọ́ ìró yẹn kẹ́yìn, n'Ìjẹ̀bú-Igbó, níwájú ilé ìyá ìyá mi.

Ìyá àgbà mi máa ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ má bi mí bóyá iṣẹ́ obìnrin ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é. Nígbà tí ọkọ kú, ó fi sípánà méjì, pọ́ǹpù kan àti àpótí ìjókòó sílẹ̀. Ìyá àgbà kàn jókòó lé àpótí náà, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Gíríìsì, kẹrosíìnì àti rọ́bà tó jóná ni ibẹ̀ máa ń rùn, pẹ̀lú ẹmu, nítorí àwọn ẹlẹ́mu ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ìfófó ẹmu á máa kán látinú agbè sórí ṣéènì, eṣinṣin á sì tẹ̀ lé wọn wọlé.

"Ìyá, kẹ̀kẹ́ mi ò rìn tààrà mọ́."

"Ṣé kẹ̀kẹ́ ló mu ẹmu ni, àbí ẹni tó ń gùn ún?"

Kò mọ̀wé. Èmi náà ò kọjá pírámárì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ àlòkù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á gbé e wá. Á dojú ẹ̀ délẹ̀, á pajú dé, á yí táyà ẹ̀yìn kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fi èékánná àtàǹpàkò wá nọ́ńbà tí wọ́n lù sábẹ́ ibi tí pẹ́dáàlì ti ń yí.

"Ọ̀dà lè tan ojú," á wí. "Kò sẹ́ni tó ń rántí láti tan èékánná."

Èmi náà dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀ láàárín iṣu, mo pajú dé. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń kun ọgbà ilé ni wọ́n fi bò ó, àmọ́ èékánná mi bá lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́fà. Irin gbọọrọ ni bíréèkì rẹ̀, kì í ṣe wáyà. Mo dá a mọ̀: ìbejì kẹ̀kẹ́ àwọn ẹlẹ́mu ni! Ọmọ mi obìnrin, tí wọ́n bí síbí, tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù.

"Mọ́mì, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún! Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Èékánná ló sọ fún mi."

Ẹni tó ni yàrá ní ohun tí mo bá níbẹ̀, tèmi ni. Ó bọ́ sákòókò, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù mi ti kú, mẹkáníìkì sì ń bèèrè irinwó pọ́n-ùn kó tó jí i dìde. Bàbá òyìnbó kan tó ń ra kẹ̀kẹ́ àtijọ́ wá wò ó. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni tó wà ní ìsọjí. Kò dá iye kankan lé e, ó ní òun á padà wá rà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ọjà fi ń gbówó lórí ni kó mọ́. Mo fi kẹrosíìnì àti eérú fọ ṣéènì, mo fi sáńpépà ha ọ̀dà aláwọ̀ ewé kúrò. Mo bá dúdú lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìlà tín-ín-rín aláwọ̀ wúrà tó ti ń parẹ́. Mo ha ìyẹn náà dànù. Mo wá ra ọ̀dà pupa àti yẹ́lò, pọ́n-ùn mọ́kànlá.

Nítorí pé bí Ìyá àgbà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìkun ọ̀dà, ì báà jẹ́ pé ẹlẹ́mu ń pariwo pé òun ò lówó ọ̀dà. "Ẹni tára rẹ̀ bá ti yá," á ní, "a kì í fi aṣọ àìsàn rán an lọ sílé." Tí pupa bá gbẹ, á ti ìyẹ́ àkùkọ bọ yẹ́lò, á di èémí mú, á fa ìlà kan ṣoṣo láti orí dé ìdí, láìdúró. Ibo ni mo ti fẹ́ rí àkùkọ ní Manchester? Ìyẹ́ ẹyẹlé tó já sílẹ̀ lọ́jà ni mo lò. Mo di èémí mú títí ojú mi fi ṣókùnkùn. Ìlà náà tọ́.

Bàbá òyìnbó padà dé. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo mí.

"Ta ló ṣe é báyìí?"

"Èmi ni!" Mo ń retí ìyìn.

Ó ku díẹ̀ kí bàbá sunkún. Ó ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, òun ti mú irinwó pọ́n-ùn ó lé àádọ́ta wá. Nísinsìnyí, ọgọ́ta ni, òun á sì fi kẹ́míkà bó gbogbo pupa yìí kúrò.

"Kó wá máa lọ níhòòhò?"

"Ọ̀dà àkọ́kọ́ làwọn èèyàn ń rà, màdáámù. Ìpẹtà rẹ̀ gan-an ló lówó lórí."

Ẹ̀rín pa mí. Ìlú tí wọ́n ti ń ra ìpẹtà! Ó na ọgọ́ta pọ́n-ùn sí mi. Mo wo owó, mo wo ìlà yẹ́lò yẹn, mo rí ọwọ́ tó kọ́ mi. Mo ní kó máa gbé owó rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù mi ṣì kú síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ pupa ni mo ń di iṣu lé, tí mò ń tì lọ fún àwọn oníbàárà. Tí wọ́n bá ti gbọ́ tàà, tàà, tàà, wọ́n á ṣílẹ̀kùn. Ìyá àgbà ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń dá ohun tó níye lórí mọ̀. Òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́. Ẹ̀kọ́ méjèèjì ni mo ṣì gbé dání, n kò sì lè sọ pé kí n ju ọ̀kan nù.

Ti obìnrin Ardwick ńkọ́? Kí n tó padà sídìí àtẹ lọ́jọ́ yẹn, ó ti fi pọ́n-ùn márùn-ún sílẹ̀, ó ti gbé èyí tó tóbi jù lọ. Ẹ bá mi ṣírò ohun tí mo pàdánù: ti bàbá òyìnbó, ti ọ̀dà, àti mẹ́rin orí iṣu. Irinwó pọ́n-ùn ó lé márùndínláàádọ́rin.