Jáàmù Máńgòrò àti Ìyeyè

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi kò tíì tó ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀wọ̀, ohun tí a fi ń jẹ búrẹ́dì kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ojúgbà mi yóò rántí. A máa ń fi àkàrà jẹ ẹ́, a máa ń fi ẹ̀wà jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí bọ́tà inú agolo lórí tábìlì, àlejò ló wà nílé tàbí Kérésìmesì ló dé. Ní ti jáàmù, inú ìwé kíkà ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ rí i, níbi tí ọmọ òyìnbó kan ti jókòó sídìí tábìlì tí ẹnu rẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, a mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ìyá mi máa ń sè é.

Máńgòrò àti ìyeyè ló fi ń sè é. Ìwé ìdáná tí ó kà kò sọ bẹ́ẹ̀. Èso òyìnbó ni ìwé dárúkọ, èyí tí kò hù ní agbègbè wa. Ìyá mi kàn wo ohun tó ń já bọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣà á, ó sì fi rọ́pò rẹ̀. Máńgòrò ló ní ara àti adùn. Ìyeyè ló ní kíkan. Ìgbà kan wà nínú ọdún, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, tí máńgòrò ń parí lọ tí ìyeyè sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Ìgbà náà kì í gùn. Ẹni tó bá fẹ́ se irú jáàmù yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kọjá.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Bọ́lánlé, la máa ń ṣa ìyeyè. A ní láti débẹ̀ kí ewúrẹ́ àdúgbò tó débẹ̀. Ìdí igi náà a máa rùn bí ọtí tó ti kan, esinsin a sì bò ó. Èyí tó bá ti fọ́, a ó fi iyọ̀ jẹ ẹ́; èyí tó bá dá ṣáká, a ó kó o sínú agbọ̀n. Bí eyín wa bá kan tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè jẹ iṣu lálẹ́, ìyá mi á mọ̀ pé èyí tí a jẹ pọ̀ ju èyí tí a kó wálé lọ.

Ìyeyè la máa ń kọ́kọ́ sè títí awọ rẹ̀ yóò fi bẹ́. Ìyá mi á dà á sórí asẹ́, á máa fi ẹ̀yìn ṣíbí onígi tẹ̀ ẹ́ títí kóró nìkan yóò fi ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni máńgòrò tí a ti gé wẹ́wẹ́ yóò wọ inú rẹ̀, ṣúgà á sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ìkòkò. Bí iná bá pọ̀, á jó. Bí iná bá kéré, á di ọbẹ̀. A sì máa ta sí ni lọ́wọ́ bí epo gbígbóná. Ìfófó tó bá léfòó ni ìpín àwa ọmọdé. Ẹni tí kò bá lè dúró de ìfófó, tó bá ti ìka bọ inú ìkòkò, jáàmù yóò jó o, ìyá mi yóò sì ní kó lọ kúnlẹ̀ kó kọjú sí ògiri kó na ọwọ́ rẹ̀ sókè, níbi tí òórùn jáàmù náà yóò ti máa bá a. Mo mọ ògiri náà dáadáa.

Láti mọ̀ bóyá ó ti jinná, á ta díẹ̀ sórí àwo tí a ti fi omi àmù mú tutù. Bí ó bá ń ṣàn, kò tíì tó. Bí ó bá dúró lójú kan tí ó sì ń súnkì nígbà tí a fi ìka tì í, ó ti dì nìyẹn. A ó rọ ọ́ sínú ìgò, ìyá mi á yọ́ àbẹ́là lé e lórí kí atẹ́gùn má bàa wọ ibẹ̀.

Ọmọ Ìdóàní ni ìyá mi. Ọmọ Ìdógùn ni bàbá mi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Ọ̀wọ̀. Wolé-wolé ni. Ó máa ń wọ ilé onílé, á ṣí àmù wọn wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, á sì bá wọn wí tí ilé ìdáná wọn bá dọ̀tí. Nínú ilé tirẹ̀, kò jẹ́ ṣí ìdérí ìkòkò kankan. Ìyá mi sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ ilé ní ilé-ìwé ìjọ wa. Mísì ni gbogbo ìlú ń pè é, àti àwọn tí kò tilẹ̀ ní ọmọ nílé-ìwé.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, wọn kò tíì fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Olùkọ́ ìgbà díẹ̀ ni, wọ́n sì lè ní kó máa lọ nígbàkúùgbà. A wá gbọ́ pé alábẹ̀wò kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan tó kàwé lókè òkun, láti wá wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìyá mi yóò di olùkọ́ gidi. Ìyá mi pinnu pé jáàmù ni òun yóò fi hàn án. Ṣúgà wọ́n nígbà náà, ilé-ìwé ló bá a wá gbogbo èyí tí a rí.

Bàbá mi fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bí wọn ò bá gbà ọ́, o ò kúkú ṣe máa bá ìyá mi lọ sóko l'Ídógùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń bèèrè ẹni tí yóò máa bá a ro ẹ̀gẹ́.”

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bó máńgòrò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la sè é. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀ wá sílé wa láàárọ̀, wọ́n bó èso, wọ́n gé e, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì padà sílé wọn. Ní ọ̀sán, nígbà tí ìkòkò ti ń hó, ìyá mi rí i pé ìgò kò tó. Nọ́ọ̀sì kan ní òpópónà kejì ti ṣèlérí ìgò òògùn ẹlẹ́nu gbòòrò fún un. Bọ́lánlé ti lọ pọnmi, bàbá mi kò sí nílé. Ìyá mi fa igi kúrò nínú ààrò títí ẹ̀yín iná nìkan fi kù, ó da ìdérí bo ìkòkò, èmi àti òun sì jáde lọ kó ìgò.

Lẹ́yìn tí a lọ ni ìyá bàbá mi dé láti Ìdógùn. Ìyá Ìdógùn là ń pè é. Kì í ránṣẹ́ síwájú kó tó wá. Ta ni yóò rán? Tí ọkọ̀ bá já a sílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń gbà wọlé, ibi ààrò ló sì máa ń kọ́kọ́ yà. Ó rí èèpo máńgòrò nílẹ̀ òkìtì òkìtì. Ó rí kóró ìyeyè. Ó ṣí ìkòkò, ó rí omi pípọ́n tó ń hó díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nínú gbogbo ayé ìyá náà, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé máńgòrò àti ìyeyè kaná fún. Bí ibà bá mú ọmọ, wọ́n á bu èèpo igi máńgòrò, wọ́n á ja ewé rẹ̀, wọ́n á fi ewé ìyeyè kún un, wọ́n á da omi bò ó, wọ́n á sì jẹ́ kí ó hó gan-an. Ó wo àgbo tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé kaná, ó rí i pé èso nìkan ló kó síbẹ̀, omi rẹ̀ kò tó, iná rẹ̀ kò sì dáa. Ó mú àdá.

Nígbà tí a fi máa padà dé, ó ti jókòó sórí àpótí, ó ń fẹ́ iná. Ìkòkò ti kún dé etí. Ewé ń yí lójú rẹ̀.

Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i. Ìgò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyàwó mi, ta ni ara rẹ̀ ò yá?” ni Ìyá Ìdógùn wí.

“Kò sí o, Ìyá. Ara gbogbo wa le.”

“Má fi pamọ́ fún mi. Mo ti rí ìkòkò. Ṣé ọmọ yìí ni?” Ó fà mí mọ́ra, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi. “Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀.”

“Oòrùn ni, Ìyá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìta dé ni.”

“Àgbo yín ò dáa. Ta ló kọ́ yín pé èso ni wọ́n ń sè? Mo ti tún un ṣe. Bí ó bá tutù, kí gbogbo yín mu ún.” Ó bu díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì ro ojú pọ̀. “Kí ló dé tó dùn báyìí?”

Ìyá mi gbé ìgò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó ń tò wọ́n sórí pẹpẹ. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ wá jókòó nínú ilé, kí n bu omi fún yín.”

Ó ṣa ewé kúrò, ó yọ èèpo kúrò, ó sì dúró ti ìkòkò náà títí ilẹ̀ fi ṣú kí omi rẹ̀ lè gbẹ. Ó dì nígbẹ̀yìn. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì korò, kì í ṣe kíkorò tó pọ̀, ṣùgbọ́n ó dúró sẹ́yìn ahọ́n. Kò sí ṣúgà tí a lè fi tún òmíràn sè. A rọ ọ́ sínú ìgò.

Bọ́lánlé wà nínú kíláàsì náà lọ́jọ́ Ajé, òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Alábẹ̀wò fi jáàmù ra búrẹ́dì lára, ó jẹ ẹ́, ó sì gbé èyí tó kù sílẹ̀.

“Mísì, kí ló korò nínú èyí?”

“Èèpo igi máńgòrò ni, mà.”

“Báwo ló ṣe débẹ̀?”

Bọ́lánlé ní gbogbo kíláàsì ló mọ bí ó ṣe débẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n ń retí kí ìyá mi dárúkọ Ìyá Ìdógùn.

“Mo fi ìdí iná sílẹ̀, mà,” ni ìyá mi wí.

“Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ilé, kò yẹ kó fi ìdí iná sílẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọn kò lé e kúrò, ṣùgbọ́n wọn kò fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n ní kó tún dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Bàbá mi ló ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ nígbà tó lọ sí Ìdógùn. Ó ní ìyá náà bèèrè pé, “Kò dárúkọ mi?” Bàbá mi ní kò dárúkọ rẹ̀. Ó tún bèèrè pé, “Kò sì sọ̀rọ̀ sí mi nígbà tí mo wà níbẹ̀?” Bàbá mi ní, “Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Ìyá.” Ìyá náà dìde, ó lọ máa kó ẹ̀gẹ́ tó sá sí oòrùn.

Ní ọdún kejì, kí alábẹ̀wò tó dé, Ìyá Ìdógùn ti dé ilé wa pẹ̀lú agbọ̀n ìyeyè ńlá kan. Ó gbé àpótí sídìí ààrò, ó gba ọmọ orógùn lọ́wọ́ ìyá mi, kò sì dìde mọ́. Aládùúgbò wa kan wá fọn iná, Ìyá Ìdógùn na ọmọ orógùn sí i: “Dúró níbẹ̀ yẹn. Kí lo fẹ́ fi sí i?” Bàbá mi yọjú, ìyá rẹ̀ ní, “Wolé-wolé, ìta ni iṣẹ́ ẹ.” Ìyá mi fúnra rẹ̀ fẹ́ tọ́ ọ wò, ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ fọwọ́. Àwa ọmọdé kò rí ìfófó lá lọ́dún náà.

Lẹ́yìn àbẹ̀wò, Ìyá Ìdógùn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ìyá mi ń bọ̀ láti ilé-ìwé.

“Wọ́n gbà ọ́?”

“Wọ́n gbà mí, Ìyá.”

“Ó dáa. Gbé èyí tó kù wá.” Ó bu jáàmù sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a, ó ronú sí i. “Ó dùn jù,” ló wí. “Tèmi dáa jù ú lọ.”

Títí ìyá mi fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n jọ ń se jáàmù náà, ọdún dé ọdún, wọ́n sì ń jiyàn lórí iná.

Lónìí, jáàmù pọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Tí ẹ bá gba ọ̀nà pólì lọ, ẹ ó rí ìgò rẹ̀ tí wọ́n tò sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ osùn, àwòrán èso tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì rí lórí igi wà lára rẹ̀. Ìyeyè ṣì ń já bọ́ ní ìgbà òjò. Ọkọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọdé kì í ṣà á mọ́, èmi náà kò sì bá wọn wí, nítorí eyín tèmi kò lè gba ìyeyè mọ́.

Ọmọ wa ọkùnrin ń gbé ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Èèyàn dáadáa ni ìyàwó náà. Kí ìyàwó mi tó lọ kí wọn, á kọ́kọ́ pè lórí fóònù, wọn á jọ fi ọjọ́ àti wákàtí sí i. Tó bá débẹ̀, ìyàwó ọmọ wa á kúnlẹ̀ kí i, á ní, “Mà, ẹ jókòó, ẹ má ṣe wàhálà kankan,” wọn á tan tẹlifíṣọ̀n fún un, wọn á sì gbé oúnjẹ wá bá a ní pálọ̀. Ìkòkò kankan kò tíì bàjẹ́ ní ilé náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó débẹ̀. Ìyàwó mi kò sì tíì mọ ibi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí.